Ẹ Bi Wá Léèrè: Ibo Ni Wọ́n Ti Ń Gé Ọ̀rọ̀ Ítálì?

Ní oṣù tí ó kọjá, mo sọ ní ojú ìwé yìí pé fáwẹ̀lì méje tí a ní nínú Yorùbá, a, e, ẹ, i, o, ọ àti u, ni etí máa ń gbọ́ nínú èdè Ítálì náà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, àṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Lẹ́tà márùn-ún ni mo gbà lórí rẹ̀, mẹ́rin láti inú Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan láti Èjìnrìn, gbogbo wọn ló sì ń béèrè ohun kan náà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: báwo ni a ṣe ń pín ọ̀rọ̀ Ítálì sí sílébù, kí sì ni ìpín náà ní í ṣe pẹ̀lú ihun ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀?

*Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ ọdún 18 ni mí, Pápá ní Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé. Mò ń kọ́ èdè Ítálì nítorí pé àǹtí mi tí ó wà ní Milano fẹ́ kí n wá kàwé lọ́dọ̀ òun. Mo kọ lẹ́tà ìdánrawò kan, mo sì fi ránṣẹ́ sí obìnrin tí ó ń kọ́ wa lórí fóònù. Nígbà tí ó dá a padà, ó ti fi bíírò pupa fa igi sí ibi mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ kò ti gba ìparí ìlà, tí mo sì fi àmì kékeré gé e: bag-no, fig-lio, nott-e, pas-ta. Kò sọ ìdí kankan. Kí ni àṣìṣe mi?*

Ọmọ wa, ojú ni o fi gé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ẹnu ni àwọn ará Ítálì fi ń gé tiwọn. Ibi tí sílébù bá parí sí nìkan ni ìlànà wọn gbà pé kí a gé ọ̀rọ̀ sí ní ìparí ìlà, sílébù kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ ní fáwẹ̀lì tirẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú sílébù wọn rí bí tiwa gan-an, kọ́nsónáǹtì kan àti fáwẹ̀lì kan. Casa, tí í ṣe ilé, ni ca-sa. Amico, tí í ṣe ọ̀rẹ́, ni a-mi-co, bí ìgbà tí a pe à-bú-rò. Bí kọ́nsónáǹtì kan ṣoṣo bá wà láàárín fáwẹ̀lì méjì, fáwẹ̀lì tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ó ni ín. Ìdajì iṣẹ́ náà ti parí níbẹ̀. Ìdajì tí ó kù ni ti àwọn ibi tí kọ́nsónáǹtì méjì tàbí mẹ́ta ti fara kan ara wọn. Yorùbá kò gba ìsúpọ̀ kọ́nsónáǹtì rárá, ìdí nìyẹn tí a fi ní láti pe bú-rẹ́-dì kí ọ̀rọ̀ náà tó lè rọ̀ wá lẹ́nu, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo igi pupa mẹ́rin tí wọ́n fà fún ọ wà.

Jẹ́ kí a mú bagno, tí í ṣe balùwẹ̀. G àti n inú rẹ̀ kì í ṣe ìró méjì. Ìró kan ṣoṣo ni, ó sì sún mọ́ y tí a máa ń gbọ́ nínú iyán, nígbà tí imú bá bá ẹnu pè é. O mọ̀ pé kò sí ẹni tí ó lè gé ẹgbẹ́ sí ẹg-bẹ́, nítorí pé gb jẹ́ ìró kan tí a fi lẹ́tà méjì kọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gn, ba-gno sì ni. Gl tí ó ṣáájú i nínú figlio, ọmọkùnrin ẹni, wà lábẹ́ òfin kan náà, fi-glio ni. Ẹgbẹ́ wọn ni sc tí ó bá ṣáájú e tàbí i, èyí tí kò yàtọ̀ sí ṣ tiwa, àti ch pẹ̀lú gh tí a óò tún bá pàdé nísàlẹ̀.

Ti notte, tí í ṣe òru, yàtọ̀. Nígbàkígbà tí kọ́nsónáǹtì kan bá jẹ́ ìbejì, àárín wọn ni ọ̀bẹ ń gbà: not-te, pal-la, mam-ma. Ìbejì ni a ka c àti q inú acqua sí pẹ̀lú, bí ojú tilẹ̀ rí wọn bí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nítorí náà omi ni ac-qua. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ìparí ìlà kọ́ ni èyí nìkan. Ìtumọ̀ wà nínú rẹ̀. Pala ni ṣọ́bìrì, palla ni bọ́ọ̀lù. Capello ni fọ́nrán irun orí kan, cappello ni fìlà. Nono ni ẹni kẹsàn-án, nonno ni bàbá àgbà. Ẹni tí kò bá fi ahọ́n di kọ́nsónáǹtì náà mú díẹ̀ kí ó tó tú u sílẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Èmi fúnra mi kọ ìkíni ọdún tuntun sí ọ̀rẹ́ kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè yìí, mo sì fi n kan ṣoṣo sínú anno. Anno ni ọdún. Èyí tí ó ní n kan jẹ́ orúkọ ẹ̀yà ara kan tí n kò ní dá níbí, ọ̀rẹ́ mi sì fi ọ̀sẹ̀ méjì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń sọ fún ọmọ Yorùbá pé ahọ́n rẹ̀ kò mọ ìbejì yìí. N kò gbà pẹ̀lú wọn. Pe gbólóhùn méjì yìí sókè: *Ó ná owó. Ó ń ná owó.* Nínú ìkejì, ahọ́n rẹ dúró lẹ́yìn eyín, ó sinmi díẹ̀ lórí n àkọ́kọ́, kí ó tó jáde sí n kejì. Ohun tí nonno ń fẹ́ gan-an nìyẹn. *Ó mu omi* àti *Ó ń mu omi* yóò fún ọ ní ti mamma, nítorí pé ń máa ń di m ní ẹnu wa kí ó tó kan mu. Ìyàtọ̀ kan péré ni pé kọ́nsónáǹtì àránmúpè tiwa jẹ́ sílébù fúnra rẹ̀, ó ní ohùn tirẹ̀, ti Ítálì sì fara mọ́ fáwẹ̀lì tí ó ṣáájú, tí ó fi jẹ́ pé sílébù méjì ni nonno ní, non-no. Lẹ́yìn tí o bá ti mọ̀ ọ́n fún n àti m, gbìyànjú láti ṣe é fún l, t àti p. Fetí sí fáwẹ̀lì pẹ̀lú: a inú pala máa ń gùn díẹ̀, ti palla kì í gùn, nítorí pé sílébù rẹ̀ ti ní ìlẹ̀kùn lẹ́yìn, ìyẹn l àkọ́kọ́ tí ó tì í pa.

Ó ku pasta. L, m, n tàbí r tí kọ́nsónáǹtì mìíràn bá tẹ̀ lé máa ń wà lẹ́yìn pẹ̀lú fáwẹ̀lì tí ó ṣáájú rẹ̀: al-to, cam-po, can-to, por-ta. Bí ó bá sì jẹ́ pé l tàbí r ni ó gbẹ̀yìn nínú ìsúpọ̀ náà, àwọn méjèèjì á jọ lọ síwájú: li-bro, qua-dro, re-pli-ca. S ni aláìgbọràn àárín wọn, nítorí pé ó máa ń bá kọ́nsónáǹtì tí ó tẹ̀ lé e lọ: pa-sta, ca-sti-go, fi-ne-stra. Ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ gbogbo èyí láì há òfin sórí. Bi ara rẹ pé, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ Ítálì kan lè fi ìsúpọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀? Treno bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tr, nítorí náà al-tro ni. Strada bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú str, nítorí náà fi-ne-stra ni. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ wọn, kò sí èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mp tàbí tm, nítorí náà cam-po ni, rit-mo sì ni.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún ọ pé àwọn onímọ̀ ìró èdè kò fara mọ́ pa-sta pátápátá. Wọ́n ní bí pa bá jẹ́ sílébù tí kò ní ìlẹ̀kùn lóòótọ́, ó yẹ kí fáwẹ̀lì rẹ̀ gùn bí ti pala, bẹ́ẹ̀ kò gùn. Èyí sì fi hàn pé ní ẹnu, s ń ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n tún ń wo ọ̀rọ̀ kékeré tí ó máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀-orúkọ akọ, tí ó ń jẹ́ il níwájú libro, ṣùgbọ́n tí ó di lo níwájú studente, kí s lè rí fáwẹ̀lì fara mọ́ lẹ́yìn. Mo rò pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n òfin ìkọ̀wé ti yan pa-sta, òun ni gbogbo ìwé àti ìwé ìròyìn wọn ń lò, òun náà sì ni kí o kọ kí bíírò pupa lè gbàgbé rẹ.

*Olótùú, mo kí yín. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Òkè-Balógun ni ilé mi. Ọmọ-ọmọ mi gbé ìwé èdè Ítálì kan wá sílé, mo sì rí i níbẹ̀ pé wọ́n pín inutile, tí wọ́n ní ó túmọ̀ sí aláìwúlò, sí i-nu-ti-le. Ìwé kan náà sọ pé in- ni àfòmọ́, utile sì ni ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó wúlò. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kò yẹ kí ó jẹ́ in-u-ti-le? Mo rò pé òǹkọ̀wé náà tàsé.*

Ẹ ṣeun, bàbá. Òǹkọ̀wé náà kò tàsé, ṣùgbọ́n ìbéèrè yín ni mo ti ń dúró dè láti ìgbà tí mo ti ń kọ ojú ìwé yìí. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà gé ọ̀rọ̀ kan, ọ̀bẹ méjèèjì kì í sì í gba ojú kan náà. Ọ̀kan ń tẹ̀ lé ìró, ó ń fún wa ní sílébù. Èkejì ń tẹ̀ lé ìtumọ̀, ó ń fún wa ní gbòǹgbò àti àfòmọ́. In-utile ni ọ̀bẹ ìtumọ̀ gé, i-nu-ti-le sì ni ọ̀bẹ ìró gé, nítorí pé n wà láàárín fáwẹ̀lì méjì, fáwẹ̀lì tí ó ń bọ̀ ni ó sì ni ín. Ní ìparí ìlà, ọ̀bẹ ìró ni èdè Ítálì fà yọ.

Ẹ̀yin náà ti fi èyí kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bóyá ẹ kò kàn rò ó sí ti Ítálì ni. Ẹ jẹ́ kí a dúró sí ìlú wa níbí, níbi tí ẹja ti jẹ́ iṣẹ́. Apẹja wá láti inú *a*, *pa* àti *ẹja*. Ìpàrójẹ mú a inú pa kúrò, sílébù mẹ́ta ló sì kù, a-pẹ-ja. Ta ni ó ni pẹ tí ó wà láàárín? P rẹ̀ jẹ́ ti pa, ẹ rẹ̀ jẹ́ ti ẹja. Àwọn méjì ló jọ ni ín, kò sì sí bí a ṣe lè gé e láì da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹlẹ́ja rí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́: *oní* àti *ẹja* ni, ṣùgbọ́n ẹ-lẹ́-ja ni ẹnu pín in sí, lẹ́ sì ń sin ọ̀gá méjì.

Ẹ wá wo ti àwọn ará Ítálì lórí ẹja kan náà. Pesce ni ẹja. Pescare ni kí a pẹja. Pescatore ni apẹja, pescivendolo ni ẹlẹ́ja, pescheria ni ìsọ̀ tí a ti ń ta ẹja, peschereccio sì ni ọkọ̀ apẹja ńlá. Gbòǹgbò tí ó so gbogbo wọn pọ̀ ni pesc-, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n ti mọ ìdajì ìtumọ̀ gbogbo wọn. Nígbà tí a bá wá pín wọn sí sílébù, ohun tí a rí nìyí: pe-sce, pe-sca-re, pe-sca-to-re, pe-sci-ven-do-lo, pe-sche-ri-a, pe-sche-rec-cio. Nínú gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí pesc- ti dúró ní odindi. S wọn aláìgbọràn ti fa c lọ sí ọ̀dọ̀ fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀ lé e, ó fi pe sílẹ̀ ní òun nìkan. Bí ọmọ-ọmọ yín bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dún, sílébù ni kí ó kà. Bí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ, kí ó wá gbòǹgbò lọ.

Níwọ̀n bí ẹ ti jẹ́ olùkọ́, n óò fi ohun kan kún un. Ẹja tiwa lè dá dúró, ọ̀rọ̀ ni lójú ara rẹ̀. Pesc- kò lè dá dúró. Ó ń dúró de ìparí kan tí yóò sọ bóyá ẹyọ ni tàbí ọ̀pọ̀, bóyá akọ ni tàbí abo. Libro ni ìwé kan, libri ni àwọn ìwé, libr- kò sì jẹ́ nǹkan kan ní ẹnu ẹnikẹ́ni. Ibi tí a sì ti ń fi àfòmọ́ kún ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Iwájú ni Yorùbá máa ń kọ́ ilé rẹ̀ sí: ìmọ̀, àìmọ̀, onímọ̀, aláìmọ̀. Ẹ̀yìn ni ti Ítálì pọ̀ sí: libraio ni ẹni tí ń ta ìwé, libreria ni ìsọ̀ rẹ̀, libretto ni ìwé kékeré, librone ni ìwé gbàǹgbà. Wọ́n tilẹ̀ ní ìparí kan fún ẹ̀gàn: ragazzo ni ọ̀dọ́mọkùnrin, ragazzaccio sì ni ipáǹle ọmọ tí gbogbo àdúgbò ti mọ̀. In- tí ẹ béèrè nípa rẹ̀ wà lára àwọn tí ń dúró níwájú, ri- pẹ̀lú, tí ó ń sọ fare, kí a ṣe nǹkan, di rifare, kí a tún un ṣe.

Àyè díẹ̀ wà fún èrò yín, bàbá. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ kan tí àfòmọ́ iwájú wọn hàn gbangba, bíi disonesto, aláìṣòótọ́, àwọn òǹkọ̀wé kan máa ń gé e sí dis-onesto, a kì í sì í pe èyí ní àṣìṣe. Di-sonesto ni ti ìró. N kò ní gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn láti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò tíì mọ àfòmọ́ dáadáa yóò máa fojú àfòmọ́ wo ohun tí kì í ṣe àfòmọ́. Ní ti ẹni tí ó ń ṣọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé kan wà ní ìlú Firenze tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1583, tí wọ́n sì tẹ ìwé atúmọ̀ èdè wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1612. Crusca ni wọ́n sọ ara wọn. Ìtumọ̀ crusca ni èèpo tí ó máa ń kù nínú ajọ̀ lẹ́yìn tí a bá jọ ìyẹ̀fun, àwa tí a ń sẹ́ ògì ìbá pè é ní èèrí. Wọ́n ní àwọn ń jọ èdè kí ìyẹ̀fun rẹ̀ lè ya kúrò lára èèpo. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ni cru-sca.

*Ẹlẹ́ja ni mí ní ọjà Olúwo. Ọmọ mi ọkùnrin ní pesca ni iṣẹ́ ẹja pípa ní èdè Ítálì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni, ó ní èso kan ni. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jà níwájú igbá ẹja mi. Ta ló jàre?*

Àwọn méjèèjì ló jàre, ìyá wa, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá ẹja nù. Ọ̀nà kan náà ni a ń gbà kọ wọ́n, ọ̀nà kan náà ni a sì ń gbà pín wọn, pe-sca, ṣùgbọ́n fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ kò dọ́gba. Ẹja pípa ní e tiwa inú *ewé*. Èso náà, tí ara rẹ̀ ní irun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a kì í sì í sábà rí ní ọjà wa, ní ẹ tiwa inú *ẹsẹ̀*. Ọ̀rọ̀ botte náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: pẹ̀lú o, àgbá ọtí ni, pẹ̀lú ọ, lílù ni, irú èyí tí àwọn ọmọ yín ì bá fi fún ara wọn. Àwa ń fi àmì sísàlẹ̀ ya e sọ́tọ̀ sí ẹ, àwọn kì í sì í fi àmì kankan yà á láàárín ọ̀rọ̀, àfi nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Abájọ tí àwọn ará Ítálì fúnra wọn kò fi fẹnu kò lórí rẹ̀. Ó ní àwọn agbègbè tí wọn kì í ti í ya méjèèjì sọ́tọ̀ rárá. Inú sílébù tí ohùn wúwo lé nìkan sì ni a ti ń gbọ́ fáwẹ̀lì méjèèje. Nínú àwọn yòókù, márùn-ún péré ló ń ṣiṣẹ́.

Níwọ̀n bí mo ti dárúkọ sílébù tí ohùn wúwo lé, ẹ sọ fún àwọn ọmọ náà pé òun gan-an ni kí wọ́n ṣọ́. Àwa ni a ní ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, tí ohùn nìkan yà sọ́tọ̀, nítorí náà kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ítálì kò ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ bí tiwa, ṣùgbọ́n sílébù kan máa ń wúwo ju ìyókù lọ nínú ọ̀rọ̀. Sílébù tí ó ṣáájú èyí tí ó kẹ́yìn ni ó sábà máa ń jẹ́, bí ti pe-sca-TO-re. Bí ancora bá wúwo níbẹ̀, an-CO-ra, ó túmọ̀ sí “síbẹ̀” tàbí “lẹ́ẹ̀kan sí i”. Bí ó bá wúwo ní ìbẹ̀rẹ̀, AN-co-ra, irin ìdákọ̀ró ni, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́ mọ̀ dáadáa. Ìgbà tí ìwúwo bá wà lórí sílébù ìkẹyìn nìkan ni òfin ní dandan kí a kọ àmì sí i, bíi città, ìlú ńlá, àti perché, nítorí kí ni.

*Mo ní ìsọ̀ kékeré kan ní Ayétòrò, mo sì ń ta oúnjẹ inú ọ̀rá àti páálí. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí spaghetti lórí ọ̀rá, h àárín rẹ̀ sì ń dà mí láàmú. Kí ló ń ṣe níbẹ̀? Kí ló sì dé tí àwọn oníbàárà mi kò lè pè é bí wọ́n ṣe kọ ọ́?*

Àgádágodo ni h náà. Nínú èdè Ítálì, g tí ó bá ṣáájú e tàbí i máa ń dún bí j, c sì máa ń dún bí ch ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá fẹ́ kí g dúró ní g, a óò fi h há a mọ́ ibẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rá náà sọ́wọ́ kí a jọ tú u. Spago ni okùn tín-ín-rín. A yọ o rẹ̀, a fi -ett- tí ń sọ nǹkan di kékeré sí i, a fi i tí ó ń sọ ọ́ di ọ̀pọ̀ kẹ́yìn rẹ̀: spagh-ett-i, àwọn okùn kéékèèké. H wọlé nítorí pé e ti dé sẹ́yìn g. Ìdí kan náà ni amica, ọ̀rẹ́ obìnrin, fi di amiche nígbà tí wọ́n bá pọ̀, tí pescheria tí mo dárúkọ lókè sì fi ní h. Ẹyọ okùn kan nínú ọ̀rá yín, spaghetto ni.

Ní ti àwọn oníbàárà yín, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Sílébù mẹ́ta ni spa-ghet-ti, ṣùgbọ́n Yorùbá kò gba sp lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà wọ́n fi u sí àárín, ó sì di mẹ́rin, sù-pà-gẹ́-tì. Ìbejì t pẹ̀lú ti di ẹyọ kan. Bí wọ́n ṣe pè é yẹn, ó ti di ọ̀rọ̀ Yorùbá nìyẹn, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti gé e kù sí sùpà.

*Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Èjìnrìn. A ń kọ́ orin Ítálì kan, wọ́n sì kọ sílébù kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ nóòtì tirẹ̀. Fiore ní nóòtì méjì péré, àwa sì ń kọ mẹ́ta. Paura ní mẹ́ta. Níbòmíràn, wọ́n kó fáwẹ̀lì ọ̀rọ̀ méjì sí abẹ́ nóòtì kan. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n?*

Àwa Yorùbá ń fún fáwẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ní sílébù tirẹ̀; a-a-go ni aago, ò-ó-gùn sì ni òógùn. Ẹ̀yin akọrin ń gbé àṣà yìí lọ bá fiore, ẹ sì ń kọ fi-o-re. Ní èdè Ítálì, i tàbí u tí ohùn kò wúwo lé, tí ó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáwẹ̀lì mìíràn, kì í sábà ní sílébù tirẹ̀. Bí ó bá ṣáájú, ẹ pè é bí y tàbí w tiwa: fio-re ni “fyo-re”, pia-no ni “pya-no”, uo inú uomo, ọkùnrin, kò sì yàtọ̀ sí *wọ*. Bí ìwúwo bá bọ́ sórí i tàbí u náà gan-an, á gba sílébù tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí paura, ẹ̀rù, fi jẹ́ pa-u-ra, tí zio, arákùnrin bàbá tàbí ìyá, sì fi jẹ́ zi-o. A, e àti o kì í sábà fara wé y, nítorí náà po-e-ta, akéwì, àti le-o-ne, kìnnìún, ní mẹ́ta mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ń kọ̀wé lásán, tí kì í ṣe orin, kò ní ṣìnà bí ó bá kọ̀ láti gé àárín fáwẹ̀lì méjì ní ìparí ìlà.

Ti ọ̀rọ̀ méjì lábẹ́ nóòtì kan kò yẹ kí ó ṣòro fún yín, nítorí pé ẹ kì í sọ *jẹ ẹja*. Jẹja ni ẹ ń sọ. Àwọn akéwì Ítálì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Dante, tí a bí ní Firenze ní 1265 tí ó sì kú ní Ravenna ní 1321, fi ìlà onísílébù mọ́kànlá kọ ewì gígùn rẹ̀, ẹni tí kò bá sì so fáwẹ̀lì ìparí ọ̀rọ̀ kan pọ̀ mọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì yóò ka ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlà náà sí méjìlá tàbí mẹ́tàlá. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé tiwa a máa pa ọ̀kan jẹ, tiwọn kì í pa á jẹ nígbà gbogbo. Nínú dolce amore, ìfẹ́ dídùn, etí ṣì ń gbọ́ e àti a lórí nóòtì kan, dol-ce a-mo-re, nóòtì mẹ́rin. Ibi tí wọ́n bá ti pa á jẹ pátápátá ni wọ́n ń fi àmì kékeré sókè sí, bíi l'acqua, tí ó jẹ́ l'ac-qua, nóòtì méjì.

Bí ẹ bá fẹ́ dán ara yín wò ní ìgbà ìdánrawò tí ó ń bọ̀, ẹ bẹ olórí akọrin yín kí ó kọ aiuola sí ojú pátákó. Ibi tí wọ́n gbin òdòdó sí nínú ọgbà ni. Fáwẹ̀lì mẹ́rin ló to ara wọn lẹ́yìn níbẹ̀ kí l tó dé, mo sì lè fi owó ọkọ̀ mi láti Èjìnrìn dé Ẹ̀pẹ́ ta tẹ́tẹ́ pé ẹgbẹ́ yín yóò kọ ọ́ ní márùn-ún. A-iuo-la ni, nóòtì mẹ́ta.